Ohùn Ta Ni Fíìmù Náà Gbé? Ìrírí Mi Nídìí Ìwé Tó Di Fíìmù

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ìwé tí à ń kà lọ́wọ́ ti di fíìmù: ṣé fíìmù yẹn bá ìwé mu? Mo ti jáwọ́ nínú dídáhùn ìbéèrè náà bí wọ́n ṣe ń bi í. Ìwé ńlá kò lè wọ inú eré wákàtí méjì láìjẹ́ pé wọ́n gé nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì gbé ìwé lé itan níwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ń ka iye ohun tí wọ́n yọ kúrò, kò ní rí eré náà wò. Ohun tí èmi máa ń wá báyìí ni ẹni tó ń sọ ìtàn. Gbogbo ìwé tó dára ló ní ohùn kan tí a fi ń gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ohùn òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, ìbáà sì jẹ́ ti ẹ̀dá-ìtàn kan tí òǹkọ̀wé yá wa lójú rẹ̀ láti fi ríran. Bí fíìmù bá rí ohùn yẹn gbé, mo lè fara mọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó bá yọ sílẹ̀. Bí ohùn yẹn bá sọnù, kò sí iye ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n lè kó jọ láti inú ìwé tí yóò dí àlàfo rẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ìyá mi wá lò díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn, a sì jọ wo díẹ̀ nínú irú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀. Méjì nínú wọn, Ẹlẹ́ṣin Ọba àti Half of a Yellow Sun, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan náà, ìyẹn Bíyìí Bándélé. Òǹkọ̀wé ni ọkùnrin náà kó tó di olùdarí eré. Òun ló kọ ìwé ìtàn-àròsọ lórí ọmọkùnrin kan tó lọ jagun ní Bọ́mà, òun náà ló sì sọ ìwé Things Fall Apart di eré orí ìtàgé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1997. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà tó ku nǹkan bí oṣù kan kí wọ́n ṣe àfihàn Ẹlẹ́ṣin Ọba fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Toronto. Fíìmù náà dé orí Netflix ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ó dùn mí púpọ̀ pé kò sí láyé nígbà tí àwọn ìyá ilé wa jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń bá àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ jiyàn ní èdè tiwọn, nítorí mo gbà pé àwọn gan-an ni fíìmù yẹn ń bá sọ̀rọ̀.

Ìtàn tí Ẹlẹ́ṣin Ọba dá lé ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kó tó dé ọwọ́ Bándélé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1944 ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí ọdún 1945 bẹ̀rẹ̀, Jínádù tó jẹ́ Olókùn-Ẹṣin, ìyẹn ẹlẹ́ṣin ọba, wọ aṣọ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín ìgboro láti kú tẹ̀lé ọba rẹ̀ bí àṣà ti là á sílẹ̀, ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó bá ní kí wọ́n lọ mú un. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Múránà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti dàrú, òun ló kú dípò bàbá rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gbé eré Ọba Wàjà jáde ní 1964. Eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ lórí rẹ̀, Death and the King's Horseman, jáde ní 1975. Ṣóyínká gbé ìtàn náà sí àárín Ogun Àgbáyé Kejì, ó sọ ọmọ náà di àkọ́bí tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó, ó sì kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ eré òun di ìjà lásán láàárín àṣà òyìnbó àti àṣà tiwa. Ní 1994, Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin.

Mo máa ń la gbogbo èyí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi kí a tó wo nǹkan kan, nítorí ẹni tó bá fẹ́ pariwo pé fíìmù ba ìwé jẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí pé ìwé náà gan-an ti tún ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ayé tò. Ṣóyínká kò tọrọ àforíjì fún sísọ Múránà di Olúńdé oníṣègùn, kò sì yẹ kó tọrọ rẹ̀. Ó nílò ọmọ tó ti gbé láàárín àwọn òyìnbó, tó ti rí bí wọ́n ṣe ń pa ara wọn lógun, tí kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé àìmọ̀kan ló jẹ́ kó gbà láti kú. Ẹ̀tọ́ tí òǹkọ̀wé ní lórí ìtàn ni olùdarí eré náà ní lórí ìwé. Ohun tí à ń bi í ni ohun tó fi ẹ̀tọ́ náà ṣe.

Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré yẹn, Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún òwe àti àfiwé tí ọmọ Yorùbá mọ orísun wọn bó bá ti ń kà á. Bándélé dá ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà padà sí Yorùbá, ìpinnu yìí sì ni mo kà sí ohun tó dára jù tó ṣe nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Nígbà tí Ẹlẹ́ṣin wọ ọjà, tí Olóhùn-Iyọ̀, tí Brymo akọrin ṣe ipò rẹ̀, ń kì í, tí àwọn obìnrin ọjà ń gbè é, ìyá mi tí kò ka ìwé Ṣóyínká rí ti ń mi orí lọ́wọ́ọ̀wọ́ bí ìgbà tí wọ́n wà ní òde àríyá. Ìyá mi kò wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń yọ nísàlẹ̀. Èmi tí mo ti ka ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì láìmọye ìgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbọ́ bí ó ṣe yẹ kí ìyìn náà wọ ọkùnrin yẹn lára, kí orí rẹ̀ wú, kó máa rò pé gbogbo ohun tí ojú òun bá ti rí, òun ló ni ín. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ Ọdúnladé Adékọ́lá sí aláwàdà, mo sì gbọ́ tí àwọn kan ń ráhùn pé kò yẹ kí wọ́n fún un ní ipò Ẹlẹ́ṣin. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́ṣin jẹ́ ẹni tí ayé dùn mọ́ lẹ́nu, òṣèré tó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọjà rẹ́rìn-ín mọ bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn.

Ìran kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí. Ajẹ́lẹ̀ Pilkings àti ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀, wọ́n ń fi dánra wò fún ijó alẹ́ tí àwọn òyìnbó fẹ́ ṣe. Amúsà ọlọ́pàá, tí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn pé mùsùlùmí ni, wá jíṣẹ́ pé Ẹlẹ́ṣin fẹ́ kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n bó ti rí ẹ̀kú lára ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ dí i lẹ́nu, kò lè sọ̀rọ̀ ikú níwájú aṣọ tí àwọn òkú ń wọ̀. Nínú kíláàsì, ẹ̀rín ni ìran yìí máa ń pa àwọn ọmọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí Ṣóyínká fi sí Amúsà lẹ́nu, títí tí mo bá dá wọn dúró láti ṣàlàyé kí ló ń ba ọkùnrin náà lẹ́rù. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n gbé ife tíì wọn sílẹ̀, wọ́n sì sún ìjókòó wọn síwájú.

“Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀kú rèé! Ta ló kó o fún wọn?”

Mo ní, “Màámi, ajẹ́lẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ àwọn ọ̀jẹ̀ nígbà tó kó wọn.”

Wọ́n ní, “Ó ti tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin kọ́ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ nílùú yẹn.”

Mo ti ń kọ́ni ní eré yẹn tipẹ́, n kò sì tíì gbọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ọ́ báyẹn. Nínú ìwé, aṣọ náà jẹ́ ìlà mélòó kan tí a kọ fún òṣèré, ojú òǹkàwé a sì fò ó láti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú fíìmù, aṣọ náà wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, a ń rí i bó ṣe ń wọ́ nílẹ̀ ilé òyìnbó, a ń rí i tí obìnrin wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì mọ ohun tó ń wò kò nílò àlàyé kankan. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìran náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi lórí eré yẹn, mo sì ti rí i pé ẹni tí kò ka ìwé rí ni ó dára jù láti jókòó tì nígbà tí a bá ń wo fíìmù inú ìwé, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan ló ń dáhùn sí.

Ìlù náà tún jẹ́ ohun tí fíìmù fún wa tí ìwé kò lè fún wa. Ní ilé ńlá tí àwọn òyìnbó ti ń jó, Olúńdé ń bá ìyàwó ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ ìlù tó ń bọ̀ láti ìgboro. Bí ìró náà ṣe yí padà ni ó mọ̀, tàbí tó rò pé òun mọ̀, pé bàbá òun ti lọ. Ẹni tó ń kà á lórí ìwé ní láti gba Olúńdé gbọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ìlù lè fi etí ara rẹ̀ ṣe é, yóò sì ye é bí ó ṣe burú tó nígbà tí wọ́n mú bàbá náà wọlé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, tí ọmọ sì yí ojú kúrò lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí fíìmù náà ti já mi kulẹ̀, n kò sì ní fi pa mọ́. Ibẹ̀ ni ibi tí Ẹlẹ́ṣin ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nínú ìwé, Olóhùn-Iyọ̀ gba ohùn ọba tó ti wàjà, ó ń bi Ẹlẹ́ṣin léraléra bóyá ó ṣì ń gbọ́ ohùn òun, ìdáhùn Ẹlẹ́ṣin sì ń jìnnà sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dín kù, ó ń dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn odi kan tí àwa kò lè gun. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn méjèèjì nìkan ni ó gbé wa dé ibodè yẹn. Ní ojú fíìmù, ohun tí mo rí ni ọkùnrin kan tó ń jó, tí òógùn bò, tí àwọn ènìyàn yí ká. Kámẹ́rà dúró sí ìta ara rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí Olóhùn-Iyọ̀ àti Ẹlẹ́ṣin sọ̀rọ̀ náà tán pátápátá, kí wọ́n má kánjú, kí àwòrán gan-an dúró jẹ́ẹ́ kí etí lè ṣiṣẹ́. Nítorí pé a kò bá Ẹlẹ́ṣin dé ibodè, a kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó pàdánù nígbà tó padà sẹ́yìn.

Èyí ló fà á tí ọ̀rọ̀ ọmọge tí Ẹlẹ́ṣin fẹ́ ní ọjọ́ ikú rẹ̀ fi tóbi ju bó ṣe yẹ lọ nínú fíìmù. Ẹni tó bá wo ó tán lè rò pé obìnrin ló ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú ìwé, Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ jókòó sínú àhámọ́, ó ń yẹ ara rẹ̀ wò: ó ti di ẹ̀bi ru òyìnbó, ó ti di í ru àwọn òrìṣà, ó sún un dé ọ̀dọ̀ ìyàwó tuntun náà, lẹ́yìn náà ló wá jẹ́wọ́ pé ìfẹ́ ilẹ̀ ayé ti wúwo lára ẹsẹ̀ òun. Ọkùnrin tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tóbi ju ẹni tí obìnrin tàn lọ. Ó wù mí kí fíìmù náà fún un ní ìṣẹ́jú púpọ̀ sí i láti ronú níṣojú wa.

Half of a Yellow Sun tí Bándélé kan náà darí ní ọdún 2013 kò dé ọ̀dọ̀ mi bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé mi kedere. Calabar ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ bí Thandie Newton àti Chiwetel Ejiofor ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ aṣọ àti ilé ibẹ̀ sì dára. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà dá a dúró nígbà tó yẹ kó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2014, títí di oṣù kẹjọ kó tó dé ilé sinimá wa. Ọ̀pọ̀ ló wá lọ wò ó bí ẹni ń lọ wo ohun tí ìjọba kò fẹ́ kí wọ́n rí, wọn kò sì bá nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ìwé Chimamanda Ngozi Adichie, tó jáde ní 2006, fi ojú Ugwu bẹ̀rẹ̀. Ọmọ abúlé ni, wọ́n ń mú un lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nsukka. Ó dé ibẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi ń ya, ó yà á lẹ́nu. Ó rí ẹran adìẹ nínú fíríìjì, ó sì kó díẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kó tó sùn. Ọmọ tó kó ẹran adìẹ sápò yẹn ni a bá wọ inú ìwé náà, ojú rẹ̀ ni a fi mọ Odenigbo tó ń pariwo òṣèlú, ojú rẹ̀ ni a fi kọ́kọ́ rí bí Olanna ṣe lẹ́wà tó, nígbà tí ìwé náà sì parí ni a mọ̀ pé òun gan-an ló ti ń kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ nípa ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ìtàn Biafra ló wà nínú ìyẹn. Nínú fíìmù, Ugwu wà, John Boyega ló ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa pẹ̀lú ìwọ̀nba tí wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé àwo wọlé ló jẹ́. Ìtàn náà ti di ti Olanna àti Odenigbo, ìfẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tí ogun dà láàmú. Fíìmù náà tún tẹ́ ìtàn náà gbọọrọ láti ìgbà òmìnira dé ìparí ogun, nígbà tí ìwé ń lọ síwájú tó sì ń padà sẹ́yìn, tó ń fi ohun kan pa mọ́ fún wa títí tí ọkàn wa yóò fi fẹ́ fò yọ. Kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kan tí mo lè sọ pé wọ́n jí gbé. Ẹni tó ń sọ ọ́ ni wọ́n pàrọ̀.

Ìyá mi, ẹ̀wẹ̀, gbádùn rẹ̀. Wọ́n gbè sẹ́yìn ìyá Odenigbo, tí olóògbé Onyeka Onwenu ṣe ipò rẹ̀, wọ́n ní ohun tó ṣe kò dára ṣùgbọ́n ohun tó ń bà á lẹ́rù yé àwọn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òótọ́ ni pé obìnrin yẹn mú ìran rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀.

Swallow tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní 2021 láti inú ìwé Sefi Atta kò gba àkókò mi púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé ni Àríkẹ́, ìyá Tọ̀lání, aláró tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ ní abúlé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dáhùn ohun tí ọmọ rẹ̀ ń là kọjá ní Èkó ìgbà ìjọba ológun. Kò rí àyè bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù. Maami tí Túndé Kèlání ṣe ní 2011 láti inú ìwé Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan ṣe òdìkejì èyí: ó fi ohun tí kò sí nínú ìwé kún un, ó sọ ọmọ náà di agbábọ́ọ̀lù ńlá tí gbogbo Nàìjíríà ń dúró dè nígbà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010, kó lè máa rántí ìyá rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo gba ìyẹn wọlé tayọ̀tayọ̀, nítorí ohùn ọmọ tó ń rántí ìyá rẹ̀ ló fi gbé ìtàn náà ró.

Èyí tí ó fún mi ní iṣẹ́ ọpọlọ jù ni Ó Le Kú. Ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde ní 1974, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe jáde ní 1997. Àwọn méjèèjì ti mọwọ́ ara wọn. Kòṣeégbé ti ṣáájú, Ṣaworoidẹ sì tẹ̀ lé e. Àjàní ń kàwé parí lọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó tó ẹni tó ń mú ìyàwó wálé, ọkàn rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ìró àti bùbá kékeré tí àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà wọ̀ mú kí gbogbo télọ̀ ilẹ̀ Yorùbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Títí di òní, bí o bá sọ fún télọ̀ pé kó bá ọ rán òlékú, kò ní bi ọ́ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fíìmù tó lè padà wọ ara àwọn ènìyàn lọ́nà yẹn kì í ṣe ti eré lásán.

Ìṣọ̀lá jẹ́ òǹkọ̀wé eré-onítàn kó tó kọ Ó Le Kú, ìyẹn sì hàn nínú ìwé náà: ẹnu àwọn ènìyàn ni ìtàn ń gbà jáde, wọ́n ń fèsì, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pa òwe fún ara wọn. Fún ìdí yìí, mo lọ wo fíìmù pẹ̀lú ìgboyà pé nǹkan púpọ̀ kò ní sọnù, kò sì sọnù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan tí n kò retí. Nígbà tí mò ń ka ìwé, ẹ̀gbẹ́ Àjàní ni mo wà, mo mọ ohun tó ń rò, mo sì ń foríjì í ní ojú ewé kan dé òmíràn, nítorí ẹni tí a bá gbé inú ọkàn rẹ̀ kì í pẹ́ tí a fi ń wá àwíjàre fún un. Nínú fíìmù, a kò sí nínú ọkàn Àjàní mọ́. Yẹmí Ṣódìmú ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ àti ìfàsẹ́yìn, a sì ń wò ó láti ìta gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń wo àwọn obìnrin náà. Ojú wọn wà lórí àwòrán bí ojú tirẹ̀ ṣe wà níbẹ̀. Ohun tí ìwé sọ fún wa pé ó dun ọmọbìnrin kan, a rí i bó ṣe dé ojú rẹ̀, a rí i bó ṣe gbìyànjú láti fi pa mọ́, a sì rí Àjàní tí kò rí i.

Èyí mú kí n tún òṣùwọ̀n tí mo gbé kalẹ̀ lókè yẹn rò dáadáa. Kèlání kò pa ohùn ìwé náà mọ́ sí ibi tó wà. Ó pín in fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Kámẹ́rà ni Kèlání fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé ojú tí kò sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo ti fi ìwé àti fíìmù yìí siwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi papọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sì yàtọ̀ gan-an. Àwọn tó ka ìwé nìkan máa ń ṣàánú Àjàní, wọ́n á ní ìyá Àṣàkẹ́ ló fa wàhálà. Àwọn tó wo fíìmù, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Àjàní sétí. Mo fẹ́ràn kí ìjà yẹn ṣẹlẹ̀ níwájú mi. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé ibi tí òǹsọ̀tàn dúró sí ló ń pinnu ẹni tí wọ́n á ṣàánú, kí n tó dárúkọ ẹ̀kọ́ náà fún wọn rárá.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn kan á fi fíìmù rọ́pò ìwé. Mo ti gba ìdáhùn ìdánwò tí ọmọ kan kọ láìsí àṣìṣe gírámà kan, tó ṣàpèjúwe aṣọ àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ibi tí wọ́n jókòó sí, tí kò sì rí nǹkan kan sọ nígbà tí mo bèèrè ìdí tí òǹkọ̀wé fi lo òwe kan. Nítorí náà, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n ka ìdajì ìwé kí a tó wo fíìmù, kí wọ́n sì ka èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá wò ó tán. Ìdajì àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí ọkàn wọn ti yàwòrán àwọn ènìyàn náà fúnra rẹ̀ kí òṣèré tó gbà á lọ́wọ́ wọn; ìdajì kejì ń jẹ́ kí wọ́n lè bá olùdarí eré jiyàn. Fún ara mi, ìwé ni mo ń kà tán pátápátá kí n tó wo fíìmù bó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí ara mi kí ẹnikẹ́ni tó bá mi kà á. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìtàn tiwa, tí fíìmù sì gbé e ní Yorùbá, mo lè wo fíìmù ṣáájú láìsí ìbẹ̀rù.

Ìwé tí mo ń fi ọkàn retí láti rí nísinsìnyí ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú fi ṣe fíìmù ńlá. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, òun àti Táfà Ìgìrìpá tó ń bá a rìn, ń lépa àwọn ọ̀daràn, ìtàn náà sì ń sáré débi pé olùdarí eré tó bá kánjú lè gbà pé ìbọn, ọkọ̀ àti ìjà ni kókó rẹ̀. Èmi kò ní dá a lẹ́bi bó bá yọ orí kan tàbí méjì, bó bá pa ẹ̀dá-ìtàn méjì pọ̀ di ọ̀kan, bó bá tilẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ wá sí Ìbàdàn òde òní tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí Lápàdé máa sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn ò lè rí ewu kó má pa òwe mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló sì ń jẹ́ ká mọ ìgbà tí ẹ̀rù ń bà á àti ìgbà tó ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù kò bà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún ìyá mi lálaalẹ́ lórí fóònù láti ìgbà tí wọ́n ti padà sílé, wọ́n sì ti yan òṣèré tí wọ́n fẹ́ fún ipò Lápàdé. N kò tíì gbà pẹ̀lú wọn.